Ẹni Tó Mí Kanlẹ̀ ní Orí Keje

Híhanrun ni ọkùnrin náà ń hanrun nígbà tí Elétí kọ́kọ́ fojú kàn án. Kì í sì í ṣe ìhanrun jẹ́jẹ́ o. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ìwé tó ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ya ẹnu sílẹ̀ bí ilẹ̀kùn tí kò ní kọ́kọ́rọ́, ẹnu ọ̀hún sì dojú kọ ẹ̀rọ gbohùngbohùn gan-an. Elétí tó wà lẹ́yìn gíláàsì ti de ẹ̀rọ ìgbọ́hùn mọ́ etí méjèèjì. Ìró tó ń wọlé sí i létí kò yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń fi ayùn rẹ́ pákó tútù.

Ó tẹ bọ́tìnì tó fi ń bá ẹni tó wà nínú yàrá kejì sọ̀rọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé orí kìn-ín-ní ìwé náà nìyẹn?"

Ọkùnrin náà ta gìrì. "Ọkọ̀ tó wà ní ojú irin kejì ti fẹ́ gbéra! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn!"

Ó wo ògiri. Ó wo gíláàsì. Ó rí obìnrin kan tó di ẹnu mú kí ẹ̀rín má bàa tú jáde.

"Ẹ má bínú, mà," ó wí, ó sì ń fi apá aṣọ nu itọ́ kúrò lójú ìwé. "Ibùdókọ̀ rélùwéè ni mo wà láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Èmi ni mo máa ń pe ọkọ̀ fún àwọn èrò."

"Ẹ̀yin ni! Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ọkọ̀ yóò pẹ́ díẹ̀, kí á fara balẹ̀?"

"Èmi ni, mà."

"Irọ́ tí ẹ ti pa fún mi nínú ayé yìí pọ̀!"

"Àwọn ọ̀gá ló ń fún mi ní irọ́ náà, mà. Iṣẹ́ tèmi ni kó dùn létí."

Ó dùn lóòótọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ohùn-Oyin. Bí o bá gbọ́ ọ láìrí i, wàá rò pé ọkùnrin gíga kan tó sùn dáadáa lóru àná ló ń sọ̀rọ̀. Bí o bá wá rí i, omi ni wàá sáré bù fún un.

Ilé ìkàwé àwọn afọ́jú ni wọ́n wà yìí. Ẹnì kan á ka ìwé sínú ẹ̀rọ, Elétí á jókòó ti kọ̀ǹpútà, á gé ikọ́, á gé èémí, á gé ikùn tó ń kùn, títí yóò fi dà bí ẹni pé ìwé náà ló ń ka ara rẹ̀. Elétí kọ́ ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ló fún un ní orúkọ náà, torí wọ́n ní ó máa ń mọ̀ pé ẹnì kan fẹ́ sín kí imú ẹni náà tó mọ̀.

Ìwé tí Ohùn-Oyin sùn lé yẹn, ìwé àtijọ́ ni, ìtàn ọkọ̀ kan tó ń gba gbalasa òfuurufú lọ sí ìràwọ̀ tó jìnnà. Kì í ṣe irú èyí tí ọkọ̀ kàn ń fò kiri bí ẹyẹ, tí wọ́n ń yìnbọn iná síra wọn. Ẹni tó kọ èyí mọ ìṣirò, ó sì fẹ́ kí o mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Bí epo ṣe pọ̀ tó, bí ọkọ̀ ṣe máa yí ìdí síwájú lágbede méjì ọ̀nà kó lè dín eré kù, bí ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe máa pẹ́ tó kó tó délé, gbogbo rẹ̀ ló tò sílẹ̀. Bàbá Elétí ló bèèrè fún un. Awọnlẹ̀ ni bàbá náà kó tó fẹ̀yìn tì. Ojú rẹ̀ ti fọ́ báyìí. Ìwé yìí ló kà nígbà èwe tó sọ ọ́ di ẹni tó ń fi okùn wọn ilẹ̀ ayé kiri. Òfin ilé ìkàwé sì ni pé kò sí ohun tí a gbọ́dọ̀ fò. Bí nọ́ńbà bá kún ojú ewé, kà á.

Ohùn-Oyin ń kà á. Gbogbo ọ̀sán tó bá ti kúrò ní ibùdókọ̀ ló máa ń wọ́ ẹsẹ̀ wá, á jókòó, á kà, á sì dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ yìí níwọ̀n. Wọ́n ti ṣírò èyí tí imú kọ̀ọ̀kan máa fà. Kí ló wá dé tí ọ̀gá ọkọ̀ ń fa páìpù tábà?"

"Ẹ bi ẹni tó kọ ọ́. Ẹ máa kà."

"Ẹ̀rọ tó ń bá wọn ṣírò tóbi tó odidi ilé. Fóònù tó wà lápò mi yìí..."

"Fóònù tó wà lápò yín kò tàn láti ìjẹta. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi."

"Obìnrin kan ṣoṣo ló wà nínú ọkọ̀, mà. Ọ̀mọ̀wé ni. Ó gboyè lórí oyè. Láti orí kìn-ín-ní, tíì ló ń pín."

Elétí bọ́ ẹ̀rọ kúrò létí. "Ẹ ò rí ayé! Ọkùnrin tó lè ronú bí wọ́n ṣe máa dé ìràwọ̀, kò lè ronú bí ọkùnrin ṣe máa bu tíì fúnra rẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi rẹ̀ wọ́n, nítorí kò sí ohun tí kì í rẹ àwọn méjèèjì. Elétí ló ń wẹ bàbá rẹ̀, òun ló ń di bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀, òun ló ń wá bàtà kejì lábẹ́ ibùsùn kó tó sáré wá síbi iṣẹ́, tó bá délé á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ti Ohùn-Oyin, yàrá tó gbà, lórí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ló wà. Bó bá fẹ́ sùn, òòlù á ní rárá.

Àwọn ojú ewé kan sì wà tó mú àwọn tó ń fi ìwé ṣe ẹlẹ́yà yìí náà lọ́kàn. Níbi tí ẹ̀rọ ọkọ̀ ti kú, tí ìwé ní kò sí ìró kankan níta láti ibẹ̀ títí dé òpin ayé, Ohùn-Oyin dákẹ́. Elétí kò tẹ bọ́tìnì.

"Mo fẹ́ lọ síbẹ̀," Ohùn-Oyin wí. "Ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní pè mí."

"Èmi náà ńkọ́?"

"Ṣé ẹ lè dákẹ́?"

"Bí wọ́n bá fún mi ní ìrọ̀rí."

Láti ọjọ́ yẹn, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Elétí á jẹ́ kó kọ́kọ́ sùn díẹ̀, òun náà á gbórí lé tábìlì tirẹ̀. Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn: kò bá wọn níbi òdòdó, kò bá wọn létí omi. Ó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń sùn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gíláàsì, ó sì wọlé láìkanlẹ̀kùn. "Ẹ" di "o." "Mà" di "Elétí mi." Ọjọ́ kan Ohùn-Oyin gé búrẹ́dì rẹ̀ sí méjì, ó fún Elétí ní èyí tó tóbi. Ẹ̀yin tí ebi ti pa rí, ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Wọ́n dé orí keje. Ọ̀gá ọkọ̀ ti dé ìràwọ̀, ó ti ń padà bọ̀. Eré tí ọkọ̀ náà sá pọ̀ débi pé ọkùnrin náà ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà tí àwọn ará ilé ti gbó. Iṣẹ́ ìránṣẹ́ dé bá a lójú ọ̀nà. Ohùn-Oyin kà á: "Ìyàwó rẹ̀ ti kú láàárín ìgbà náà." Ó ṣí ojú ewé tó kàn. Ó mí kanlẹ̀. Ó wá ń ka bí epo ṣe kù sí, nítorí gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo ohun tí ìwé náà ní láti sọ nípa obìnrin ọ̀hún.

Elétí tó ń gé èémí ènìyàn bí ẹni ń gé èékánná, kò gé èyí. Ó gbọ́ ọ, ó tún un gbọ́, ó sì fi í sílẹ̀ níbi tó wà. Wọ́n fi orí keje ránṣẹ́ sí àwọn olùgbọ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

Fóònù ọ̀gá ilé ìkàwé dún lọ́jọ́ kejì. Bàbá awọnlẹ̀ ni.

"Ta ni dìndìnrìn tó ń mí kanlẹ̀ sínú ìwé mi? Mo ní kí wọ́n kàwé fún mi, n ò ní kí wọ́n gbé àárẹ̀ wọn wá bá mi! Ẹni tí ìwé yẹn bá sú, kó lọ máa pe ọkọ̀ ní rélùwéè!"

Ọ̀gá wo Elétí. "Gé e."

"N ò gé e, sà."

"Bàbá rẹ ló ń pariwo!"

"Mo mọ ohùn rẹ̀, sà."

"Ẹ lọ parí ẹ̀ nílé yín nígbà náà. Ìjà ìdílé ò sí nínú iṣẹ́ wa."

Ohùn-Oyin ti gbọ́. Ó dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, apá rẹ̀ wálẹ̀ bí aṣọ tó tutù. "Elétí mi, ṣé o gbàgbé láti gé e ni?"

"Mi ò gbàgbé. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀." Ó ń wo ilẹ̀. "Nínú gbogbo ọkọ̀ yẹn, kò sí ẹni tó sunkún obìnrin yẹn. Ẹni tó kọ ọ́ gan-an ò sunkún rẹ̀. Ìwọ mí kanlẹ̀ fún un. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé mo lè bá ọ gbélé."

Ọkùnrin náà la ẹnu. Ohùn tó ń darí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò, kò rí ọ̀rọ̀ kan sọ. Ó pa ẹnu náà dé.

Ìdí tí kò fi rí ọ̀rọ̀ sọ la ó gbọ́ láìpẹ́. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gun àtẹ̀gùn.

Torí Elétí ti sọ ọ́ gbangba: òun ò ní fẹ́ ẹni tí bàbá òun kò fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀. "Kò sí agbára ìjà lára mi mọ́. Bí bàbá bá ní rárá, rárá náà ni." Bàbá sì ti lérí pé ẹni tó mí kanlẹ̀ yẹn kò ní wọ ilé òun níwọ̀n ìgbà tí òun bá wà láàyè. Wọ́n wá pinnu, bí ọlọ́gbọ́n tí oorun ń kùn, pé Ohùn-Oyin á díbọ́n pé òtútù mú òun, kó máa fi ohùn háháhá sọ̀rọ̀ títí bàbá á fi fẹ́ràn rẹ̀. Kó tó sọ òtítọ́, ìyàwó á ti délé.

Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n lọ. Àjà òkè pátápátá nínú ilé gíga kan ni Elétí àti bàbá rẹ̀ ń gbé. Ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn ròkè ti bàjẹ́.

"Ẹ káàsán, sà," Ohùn-Oyin wí bí àkùkọ tí wọ́n fún lọ́rùn.

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Ọ̀fun rẹ ńkọ́?"

"Òtútù ni, sà."

"Pẹ̀lẹ́ o. Kí lo ń ṣe níṣẹ́?"

"Mò ń bá àwọn èrò rélùwéè ṣètò, sà."

"Iṣẹ́ gidi. Jókòó, jókòó."

Gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. Elétí ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ohùn-Oyin rí àga: àga tó ní tìmùtìmù, tó ní ibi ìgbápálé. Ẹsẹ̀ tó ti gun àtẹ̀gùn yẹn, ìdí tó ti dúró láti òwúrọ̀, wọ́n jọ bá àga náà pàdé. Ọkùnrin náà kò mọ ìgbà tí èémí tú jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ó mí kanlẹ̀.

Bàbá dìde bí ọmọ ogún ọdún. "ÌWỌ NÌYẸN!"

"Bàbá..."

"Òun nìyẹn! Orí keje! Ẹ mú un! Ọmọ mi, o fi ọwọ́ ara rẹ mú un wọlé wá bá mi!"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

"N ò jókòó! Ṣé o mọ ohun tí ìwé yẹn jẹ́ fún mi? Nígbà tí mo wà léwe, kò sí ohun tí kò lẹ́ni tí a gbọ́dọ̀ bẹ̀. Bí o bá fẹ́ iṣẹ́, ta lo mọ̀? Bí o bá fẹ́ ibùsùn nílé ìwòsàn, ọmọ ta ni ọ́? Mo wá ṣí ìwé kan. Epo ọkọ̀ ti fẹ́ tán. Kò sí ẹ̀gbọ́n tó mọ ẹnì kan níbẹ̀. Kò sí ẹ̀bẹ̀. Bí ìṣirò bá bọ́ sí i, wọ́n á délé. Bí kò bá bọ́ sí i, wọ́n á kú, ì báà ṣe ọmọ ọba. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọkàn mi balẹ̀ nílé ayé nìyẹn. Òpònú yìí wá ń mí sí i!"

Elétí dá sí i. "Kì í ṣe ìwé náà ló mí sí, Bàbá. Ìyàwó ọ̀gá ọkọ̀ ló mí fún. Ó kú, gbólóhùn kan ni wọ́n fi sin ín. Òun nìkan ló kẹ́dùn rẹ̀."

Bàbá dúró. "Ìyàwó wo?"

"Èyí tó kú ní orí keje, Bàbá."

"Ìyàwó wà níbẹ̀?" Ó rọra jókòó. "Gbogbo ìgbà tí mo ka ìwé yẹn... mo mọ ìwọ̀n epo tó kù lórí. Mi ò rántí pé ó níyàwó." Ó na ọwọ́ sínú òkùnkùn ojú rẹ̀. "Ọmọ mi tó mí kanlẹ̀, máa bọ̀ níbí. Etí rẹ dára ju tèmi lọ. Mo ti ṣì ọ́ gbọ́. Fún mi lọ́wọ́ rẹ."

Ẹ wò ó: bàbá ti gbà. Ìyàwó ti délé. Kí ọkùnrin tó gbọ́n di ọwọ́ yẹn mú ló kù.

Ohùn-Oyin kò dì í mú.

"Bàbá," ó wí, òtútù sì kúrò lọ́fun rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn oyin kún yàrá, "irọ́ ni."

Elétí yíjú sí i.

"Mi ò mí fún ìyàwó ẹnikẹ́ni. Mo ṣí ojú ewé, mo rí i pé ìṣirò epo tún kún ojú ewé tó kàn, òun náà ló kún èyí tó tẹ̀ lé e. Bàtà ń ta mí lẹ́sẹ̀. Ó rẹ̀ mí. Ìdí tí mo fi mí nìyẹn. Nígbà tí Elétí sọ pé obìnrin yẹn ni mo mí fún, ó yẹ kí n ti sọ òótọ́ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ojú tó fi wò mí dára jù."

Ibi ìdákẹ́jẹ́ tí wọ́n ti ń fẹ́ lọ yẹn, wọ́n dé ibẹ̀. Kò tu ẹnikẹ́ni lára.

"O jẹ́ kí n bá bàbá mi jà lórí bàtà," Elétí wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo kọ̀ sí ọ̀gá mi lẹ́nu lórí bàtà!"

"Elétí mi, bẹ́ẹ̀ ni."

Ẹ̀rín kan bú jáde. Bàbá ni. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ọwọ́ lu itan, omi sì ń bọ́ lójú tí kò ríran mọ́. Nígbà tó dáwọ́ ẹ̀rín dúró, omi ojú náà ò dáwọ́ dúró.

"Ọjọ́ tí ìyá rẹ kú," ó wí fún ọmọ rẹ̀, "dókítà jáde wá sọ fún mi. Mo mí kanlẹ̀. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ní, 'Ẹ wo bó ṣe fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ tó.' Wọn ò mọ nǹkan kan. Mo ti wà lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn títí ìdí mi fi kú. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé mo lè lọ sùn báyìí." Ó nu imú. "Mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣírò bí méjèèjì ṣe lè jẹ́ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi awọnlẹ̀! Kò bọ́ sí i fún mi rí."

Elétí kúnlẹ̀ ti àga rẹ̀. Nǹkan tó ti ń gbé mì ní gbogbo òwúrọ̀, nígbà tó bá ń di bọ́tìnì, nígbà tó bá ń wá bàtà kejì, jáde lẹ́nu rẹ̀. "Bàbá, ó ń rẹ̀ mí."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Ojú mi ló fọ́, ṣé etí mi náà fọ́ ni? Ta lo rò pé o jogún etí yẹn lọ́wọ́ rẹ̀? Mo ń gbọ́ bí o ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀. Mi ò fìgbà kan rò pé o kò fẹ́ràn mi." Ó gbé orí sókè. "Ìwọ olóhùn! Ibo lò ń gbé?"

"Lórí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, sà. Òòlù ni wọ́n fi ń jí mi, òòlù ni wọ́n fi ń mú mi sùn."

"Yàrá iwájú yìí, irinṣẹ́ mi àtijọ́ ló kún ibẹ̀. Ẹ kó wọn jáde. Ọwọ́ mẹ́rin á wá wà tó ń di bọ́tìnì ẹ̀wù mi."

"Bàbá, ẹ ní níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá wà láàyè..." Ohùn-Oyin wí.

"Ta ló ní kí o máa há gbogbo ọ̀rọ̀ mi sórí? Ṣùgbọ́n, ìwọ olóhùn, ilé mi ni mo fún ọ o. Ọmọ mi ló máa fún ọ ní ara rẹ̀, mo sì ń gbọ́ pé ó ti dákẹ́. Sìn ín jáde, ọmọ mi. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ síta, oorun ń kùn mí."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń ràn lórí títì, àwọn ènìyàn ń bọ̀ láti ibi ìsinmi, ó sì rẹ àwọn náà. Wọ́n dé ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì.

"Kí ló dé tí o sọ ọ́?" Elétí bi í. "Bàbá ti na ọwọ́. Mi ò bá má mọ̀ láéláé."

Ohùn-Oyin ronú. "Ká ní mo fi irọ́ yẹn fẹ́ ọ, gbogbo ìgbà tí mo bá délé láti ibi iṣẹ́ ni màá máa kẹ́dùn ìyàwó ọ̀gá ọkọ̀. Mi ò ní lè jókòó sínú ilé ara mi kí n kàn sọ pé ó rẹ̀ mí."

Elétí wò ó: ẹ̀wù tó rún, ojú tó wọnú, bàtà tó fún un lẹ́sẹ̀. Kò rí ọkùnrin tó rò pé òun gbọ́ ní orí keje. Ẹni tó rí, ó ti gun gbogbo àtẹ̀gùn yẹn, ó sì sọ òótọ́ nígbà tí irọ́ ti san owó fún un.

"Ṣé wàá fẹ́ mi?" ọkùnrin náà bi í.

"Dúró ná," ó wí. "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ jókòó."

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó bọ́ bàtà, ó na ẹsẹ̀, ó sì sún kí àyè lè wà. Ọkùnrin náà jókòó tì í.

"Ó yá. Tún un bi mí."

"Elétí mi, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Màá fẹ́ ọ." Ó gbé orí lé èjìká rẹ̀. "Má mira díẹ̀ ná."

Bọ́ọ̀sì dé, ó ṣílẹ̀kùn. Awakọ̀ wo àwọn méjèèjì títí, ó ní, "Ṣé ẹ ń lọ?" Wọ́n gbọ́ ọ dáadáa. Kò sí ẹni tó dìde.